Òjò Atọwọ́dá Kọ́ Ni Yóò Gba Àgbẹ̀ Wa Là

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí omi òjò ti ya wọ ìlú Dubai, tó sì sọ pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀ di odò, ni ọ̀rọ̀ òjò atọwọ́dá ti wọ àwọn èèyàn wa lẹ́nu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé, bí àwọn tó ń gbé inú aṣálẹ̀ bá lè fi bàálù mú òjò rọ̀ débi tí mọ́tò ń léfòó lójú títì, kí ló wá dé tí ìjọba tiwa kò lè ṣe irú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ nígbà tí ọ̀dá bá dá? Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ ìkùukùu di òjò, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Ẹ jẹ́ ká fi Ararọ̀mí-Òwu, ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ kòkó ni agbègbè yìí. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo pẹ̀lú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ra dòdò Ìkirè jẹ lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Omi òjò ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń mu. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọkàn àgbẹ̀ kì í balẹ̀. Èkíní ni ìgbà òjò àkọ́rọ̀, láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, tí òjò kan tàbí méjì á rọ̀, tí àgbẹ̀ á sáré gbin àgbàdo, tí òjò á wá dá wáí fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí irúgbìn á sì kú sínú ilẹ̀. Èkejì ni ọ̀dá kékeré tó máa ń wáyé láti ìparí oṣù keje wọ oṣù kẹjọ, èyí tí àwọn alákọ̀wé ń pè ní August break. Bí ó bá gùn ju bó ti yẹ lọ, ọmọ kòkó wẹ́wẹ́ á gbẹ sórí igi, gbígbin àgbàdo àrọ̀kúrò á sì falẹ̀.

Owó ńlá ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó ti kọjá 12,000. Ara ohun tó fà á ni pé ojú ọjọ́ kò gbè fún àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ghana àti Côte d'Ivoire. Òjò pọ̀ jù nígbà kan, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú gbilẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì tún mú gan-an lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún 2025, owó náà já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tí òjò bá já kulẹ̀ lọ́dún tí ọjà dára, kò sí ẹni tó máa bá a dá ọdún náà padà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bàálù tó ń mú òjò rọ̀ fi ń dùn létí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dubai gan-an

Òótọ́ ni pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí orílẹ̀-èdè United Arab Emirates ti ń rán bàálù lọ fọ́n nǹkan sínú ìkùukùu kí òjò lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọjọ́ 16, oṣù kẹrin, ọdún 2024 dé, àjọ ojú ọjọ́ wọn sọ pé àwọn kò rán bàálù kankan lọ síbi ìjì náà. Yàtọ̀ sí èyí, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti fi hàn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú pé ìjì ńlá ń bọ̀. Orílẹ̀-èdè Oman tó múlé tì wọ́n ti jìyà rẹ̀, èèyàn ti kú níbẹ̀, kí ó tó kan Dubai. Ní ibì kan ní agbègbè Al Ain, òjò tó tó 254 mìlímítà rọ̀ láàárín wákàtí tí kò pé 24. Kò sí ohun tí bàálù lè fọ́n sókè tó lè bí òjò tó tó bẹ́ẹ̀. Ìjì tó gbòòrò, tó ti kó ọ̀rinrin jọ láti ọ̀nà jíjìn, ló ṣe é.

Kí wá ni bàálù yẹn ń fọ́n, iṣẹ́ wo ló sì ń ṣe nínú ìkùukùu? Kí a tó lè mọ èyí, ó di dandan kí a gòkè lọ wo bí òjò ṣe ń di òjò.

Ṣíṣú òjò kọ́ ni rírọ̀ rẹ̀

Ìkùukùu kì í ṣe èéfín. Omi ni, tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 50, ìpín kan nínú rẹ̀ ni ẹyọ kan ṣe fẹ̀ mọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan irú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ para pọ̀ kí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo tó lè jáde. Bí wọn kò bá para pọ̀, kò sí èyí tó máa wúwo tó láti jábọ́. Afẹ́fẹ́ á kàn máa gbé wọn kiri ni, títí oòrùn á fi gbé wọn mì. Ìdí nìyí tí òjò fi lè ṣú dùdù sórí oko, kí ó sì tú ká láìsí ẹ̀kán kan.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà para pọ̀. Ọ̀nà kìíní ni pé kí àwọn tó tóbi díẹ̀ máa kọlu àwọn kéékèèké, kí wọ́n sì máa gbé wọn mì bí wọ́n ti ń lọ. Irú èyí wọ́pọ̀ lórí òkun, òun náà ló sì ń fún wa ní òjò wínníwínní tó ń rọ̀ láti inú ìkùukùu tí kò ga. Ọ̀nà kejì ló ń mú òjò ńlá wá, yìnyín ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé, níbo ni yìnyín ti wá nílẹ̀ gbígbóná bíi tiwa? Òkè ló wà. Bí a bá ṣe ń gòkè tó ni òtútù ń pọ̀ tó. Òkè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, síbẹ̀ yìnyín wà lórí rẹ̀, nítorí pé gíga rẹ̀ tó mítà 5,895. Àwọn tó bá ti wọ bàálù láti Ìkẹjà lọ sí ìlú òyìnbó á ti rí i lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú ìjókòó wọn pé òtútù tó wà níta máa ń tó 40 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lókè ilẹ̀ Yorùbá, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún ni a óò gòkè kí a tó kan ibi tí omi ti lè dì. Ìkùukùu òjò ńlá, èyí tó ga bí òkè tí orí rẹ̀ sì tẹ́ bí ọmọrí odó, lè ga tó kìlómítà 15. Ìyẹn ni pé ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lè wà nínú ilé yìnyín.

Omi kì í dédé dì

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé omi inú ìkùukùu lè tutù kọjá òdo, kí ó má sì dì. Ó lè wà ní omi bẹ́ẹ̀ títí dé nǹkan bíi 38 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ohun tó ń wá ni nǹkan tí yóò dì mọ́. Ẹ wo bí àwọn Fúlàní ṣe ń ṣe wàrà. Mílíìkì kì í ṣàdédé di wàrà lórí iná, àfi bí wọ́n bá ta omi ewé bómubómu sí i. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú ìkùukùu. Ẹ̀rún eruku kan tó bá bọ́ sí àárín omi tútù yẹn ni yóò mú un dì, tí hóró yìnyín kékeré yóò sì jáde.

Bí hóró yìnyín bá ti jáde, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Yìnyín lágbára láti fa ọ̀rinrin mọ́ra ju omi lọ. Nítorí náà, hóró yìnyín kan tó bá wà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kán omi kéékèèké á máa gba ọ̀rinrin lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á máa joro, òun á máa sanra. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, á ti wúwo tó láti máa jábọ́. Bí ó ti ń bọ̀ nílẹ̀, omi tútù tó bá pàdé á tún máa dì mọ́ ọn lára. Nígbà tó bá kọjá ibi tí òtútù ti pin, á yọ́, á sì di òjò. Púpọ̀ nínú òjò tó ń pa wá ní Àpòmù lọ́sàn-án gangan, yìnyín ni ní kété ṣáájú. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ tó fi sátẹ́láìtì yẹ òjò gbogbo ayé wò fi hàn pé lórí ilẹ̀, inú ìkùukùu tó ní yìnyín ni èyí tó pọ̀ jù nínú òjò ti ń wá. Orí òkun ilẹ̀ gbígbóná ni òjò tí kò ní yìnyín nínú ti wọ́pọ̀.

Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sókè nínú ìkùukùu máa ń le débi pé á tún máa gbé yìnyín padà sókè, títí tí yóò fi tóbi ju ohun tó lè yọ́ tán lójú ọ̀nà lọ. Ìyẹn ni yìnyín tó máa ń rọ̀ sórí páànù wa nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí àwọn ọmọdé ń ṣà sẹ́nu. Kò yàtọ̀ sí òjò tó kù, àfi pé òun kò rí àyè yọ́.

Àrá pẹ̀lú ń jẹ́rìí sí i. Àwọn bàbá wa bọ̀wọ̀ fún Ṣàngó, wọ́n sì mọ̀ pé òjò tó bá ń bá àrá bọ̀ kì í ṣe òjò kékeré. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí ni pé nígbà tí hóró yìnyín kéékèèké bá ń kọlu àwọn tó wúwo nínú ìkùukùu, iná mànàmáná ń ti ara wọn jáde, títí tí yóò fi bú. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ mọ̀ dájú pé yìnyín wà lókè.

Ọyẹ́ ní irúgbìn, kò ní omi

Níbo wá ni eruku tí omi ń dì mọ́ yẹn ti ń wá? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Bodélé, ní ilẹ̀ Chad, ni ibi tí eruku ti ń gbéra jù lọ ní gbogbo ayé, ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti ibẹ̀ sì ń kọjá lórí Nàìjíríà lọ́dọọdún. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé irú òkúta kan tí wọ́n ń pè ní feldspar, tó wà nínú eruku aṣálẹ̀, ló ń mú omi dì jù nínú gbogbo eruku. Eruku tó ń ba aṣọ wa jẹ́, tó ń gbẹ wá létè, ni irúgbìn òjò.

Ẹ jẹ́ ká ro èyí dáadáa, torí òun ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ọyẹ́, irúgbìn pọ̀ lókè, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin kò sí, ìdí nìyẹn tí òjò kì í fi í rọ̀. Nígbà ọ̀dá kékeré oṣù kẹjọ, ọ̀rinrin pọ̀, ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀, ṣùgbọ́n òjò gidi kò sí. Kí ló wá ṣaláìsí lọ́tẹ̀ yìí?

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nítòsí wa lọ́dún 2016 tànmọ́lẹ̀ sí i. Orúkọ rẹ̀ ni DACCIWA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló sì ná owó rẹ̀. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún náà, bàálù mẹ́ta tó ń ṣe ìwádìí ń fò láti Lomé ní ilẹ̀ Tógò. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Ghana, Ṣábẹ̀ tí í ṣe ìlú Yorùbá ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àti Ilé-Ifẹ̀, lọ́dọ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ilé-Ifẹ̀ yìí kò jìnnà rárá sí Ìkirè àti Àpòmù, ojú ọ̀run kan náà ni wọ́n ń pín. Ìkùukùu àsìkò yẹn ni wọ́n dìídì wá wò. Wọ́n rí i pé òru ni ó ń kóra jọ, pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ sí ilẹ̀, àti pé ó máa ń wà títí oòrùn ọ̀sán á fi tú u ká. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Kò ga dé ibi tí yìnyín wà, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ìyẹn ni pé ní oṣù kẹjọ, gíga ni ìkùukùu wa ṣaláìní. Omi Òkun Àtìláńtíìkì tó wà létí ilẹ̀ wa máa ń tutù ní àsìkò yẹn, afẹ́fẹ́ tó wà lókè sì máa ń tẹ ìkùukùu mọ́lẹ̀, tí kò fi lè yọrí. Ẹnikẹ́ni kò lè fi bàálù yí ìyẹn padà.

Ohun tí bàálù lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Ìmọ̀ òjò atọwọ́dá kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Lọ́dún 1922, ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Tor Bergeron, ń rìn nínú igbó lórí òkè kan nítòsí ìlú Oslo. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí òtútù bá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo dáadáa, kùrukùru kì í wọ àárín àwọn igi tí yìnyín ti bò, àfi bí ẹni pé àwọn igi náà ń mu ún. Ohun tó rí yìí ló sọ di àlàyé bí yìnyín ṣe ń bí òjò lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1946, Vincent Schaefer ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ju yìnyín gbígbẹ, èyí tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ carbon dioxide ṣe, sínú fírísà kan tó ti mí èémí sí. Lójú ẹsẹ̀, èémí náà di ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró yìnyín. Ní ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, ọdún yẹn kan náà, ó wọ bàálù, ó fọ́n yìnyín gbígbẹ náà sínú ìkùukùu kan ní Massachusetts, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ láti inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbẹ kí ó tó kan ilẹ̀. Láìpẹ́, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Bernard Vonnegut, rí i pé silver iodide lè ṣe iṣẹ́ eruku, nítorí pé bí ó ṣe tò jọ bí yìnyín ṣe ń tò.

Ẹ kíyè sí i pé irúgbìn lásán ni gbogbo wọn ń gbìn. Wọn kò ṣe ìkùukùu, wọn kò sì ṣe omi. Bí ìkùukùu bá wà, tó ga, tó tutù, tí omi inú rẹ̀ sì ń wá ohun tó máa dì mọ́, nígbà náà ni irúgbìn náà lè wúlò. Lọ́dún 2017, ní àwọn òkè Idaho ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ fi rédà rí i kedere pé yìnyín jáde lójú ọ̀nà tí bàálù gbà fọ́n silver iodide. Ìgbà òtútù ni, lórí òkè, níbi tí omi tútù ti pọ̀ nínú ìkùukùu. Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí wọ́n ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdánwò tí wọ́n ṣe láti 2013 sí 2020 kò fi àfikún òjò tó dájú hàn. Àwọn ará Burkina Faso náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1998, wọ́n pè é ní Saaga, èyí tó túmọ̀ sí òjò ní èdè Mòósì. Mòrókò, tó ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1984, ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó kéré tán, ìkùukùu tó ga máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn ará Burkina ní oṣù kẹjọ, torí ìgbà òjò wọn nìyẹn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá bá ìjọba ìpínlẹ̀ wa pé kí wọ́n gbówó sílẹ̀, kí òun fi bàálù lé ọ̀dá oṣù kẹjọ lọ, ẹni náà fẹ́ ta aṣọ fún ẹni tí kò lọ́rùn ni.

Ibi tó yẹ kí owó lọ

Kì í ṣe pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ohun tí a lè ṣe wà, kò sì tó owó bàálù. Àkọ́kọ́ ni àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Láti ọdún 2003 ni òfin ti dá àjọ NiMet sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni àjọ náà ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò parí, àti bí ọ̀dá kékeré yóò ṣe gùn tó. Wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá náà báyìí, a sì yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kà ní Àbújá kò wúlò fún àgbẹ̀ Ararọ̀mí-Òwu bí kò bá kan án lọ́wọ́ kí oṣù kẹta tó dé. Iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ nìyí, Ìrẹ́wọlé, Ìsọ̀kan àti àwọn tó múlé tì wọ́n: kí wọ́n gbé e dé ọjà, dé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, dé ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn olókòkó, kí wọ́n sì máa tún un sọ lórí rédíò.

Èkejì ni kíka òjò. Òjò tí ìkùukùu gíga ń mú wá kì í kárí. Ó lè rọ̀ ní Àpòmù kí Ìkirè má rí ẹ̀kán. Ibùdó NiMet wà ní Òṣogbo àti ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kà níbẹ̀ kò lè sọ ohun tó rọ̀ lóko ẹni. Ike tí wọ́n fi ń wọn òjò kò wọ́n, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì lè máa kà á láràárọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìlú á ti ní ìwé òjò tirẹ̀, èyí tí kò sí ẹni tó lè fi irọ́ borí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a tọ́jú omi òjò tó rọ̀. Omi tó ń ṣàn lọ ní oṣù kẹfà ni à ń sunkún rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Kànga, adágún kékeré, àti igi tó ń ṣíji bo kòkó kí ilẹ̀ má tètè gbẹ, gbogbo wọn ló ń dín ìyà ọ̀dá kù.

Àgbẹ̀ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Kí ó má ṣe kó gbogbo irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò kìíní bá rọ̀. Òjò tó ti ìlà oòrùn wá pẹ̀lú ìjì àti àrá lè jẹ́ ti ọjọ́ kan péré, kí òmíràn má sì rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó wa ilẹ̀ wò bóyá ó ti rin dénú, kí ó sì gbìn ín ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ fọ́n oògùn sí kòkó nítorí àrùn dúdú, kí ó gbọ́ ohun tí rédíò sọ nípa òjò ọjọ́ náà. Oògùn tí òjò bá fọ̀ lọ lọ́sàn-án, owó ló bá omi lọ yẹn.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kéde lọ́dún 2022 pé kí òpin ọdún 2027 tó dé, gbogbo ènìyàn láyé gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ kí ewu tó dé. Ìlérí rere ni, ṣùgbọ́n New York kọ́ ni a óò ti mọ̀ bóyá ó ṣẹ. Ararọ̀mí-Òwu ni, àti àwọn ìletò bíi tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó rí ṣíṣú òjò kì í torí ẹ̀ da omi inú àmù rẹ̀ nù. Kí ìjọba wa má ṣe torí òjò inú bàálù da owó omi àti ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ nù.